Ta Ni Yóò Gbè É? Ìlò Èdè Yorùbá Nínú Iṣẹ́ Àwọn Olùṣe Géèmù Adáṣe

Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ lítíréṣọ̀ Yorùbá ní kíláàsì, ohun mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ máa ń sọ sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn: ewì, ìtàn-àròsọ àti eré-onítàn. Bí olùkọ́ bá rán wọn létí pé lítíréṣọ̀ alohùn ni ó ṣáájú, àlọ́, oríkì, ìjálá àti ẹkún ìyàwó yóò wọlé. Kò sí ẹni tí ó máa ń dárúkọ géèmù. Ohun tí a mọ géèmù sí ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ohun tí olùkọ́ ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá yọ fóònù jáde lábẹ́ tábìlì. Èmi náà ti gbà á rí ju ìgbà kan lọ.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé irú géèmù kan wà tí ó yẹ kí lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yẹ àlọ́ wò. Èyí ni géèmù tí ẹnì kan tàbí àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó rán wọn níṣẹ́. Olùṣe géèmù adáṣe ni a ó máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé adáṣe kì í dá nìkan wà. Ó ní agbo tí ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn kí ó tó parí. Àwọn ará agbo náà lè wà ní Èkó, ní Yaoundé tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n má sì fi ojú kan ara wọn rí. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ìta gbangba wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ara wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tún un ṣe.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn kò ju ọ̀kan lọ: nínú agbo yẹn, ta ni ó ń tọ́jú èdè Yorùbá? A ó fi hàn pé àyè náà máa ń ṣófo, àti pé àwa olùkọ́ Yorùbá ni ó ń dúró dè.

Bí agbo náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ó yẹ kí òǹkàwé tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ọdún 2002 ni àwọn kan dá ìdíje tí wọ́n ń pè ní Ludum Dare sílẹ̀. Àwọn olùdíje á gba kókó-ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á sì fi ọjọ́ díẹ̀ ṣe géèmù lórí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, Global Game Jam bẹ̀rẹ̀ ní ibi 53 ní orílẹ̀-èdè 23. Wákàtí 48 ni wọ́n fún àwọn olùkópa. Ẹni tí ó mọ kóòdù kọ, ẹni tí ó mọ àwòrán yà àti ẹni tí ó mọ orin dá á kó ara wọn jọ, wọ́n á ṣe é, wọ́n á sì gbé e síwájú àwọn yòókù.

Ní ọdún 2009 yìí kan náà ni Markus Persson, ọmọ ilẹ̀ Súwídìn, gbé Minecraft tí kò tíì parí síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ta á wò, wọ́n sọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó, ó sì ń tún un ṣe bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Nígbà tí ó di 2014, bílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ dọ́là ni Microsoft fi ra ilé-iṣẹ́ tí ó ni géèmù náà.

Irinṣẹ́ náà ti sún mọ́ tálákà. Láti ọdún 2013 ni itch.io ti wà, níbi tí olùṣe géèmù ti lè pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 2014 ni àwọn tí ó ni Godot, irinṣẹ́ ṣíṣe géèmù tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà méjì pilẹ̀ rẹ̀, fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá rí kọ̀ǹpútà yá lò ní Ṣàngó Ọ̀tà, tí iná kò lọ, tí dátà kò tán, ní irinṣẹ́ tí ọmọ Amẹ́ríkà ní.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wa kò gbẹ́yìn. Ní Èkó ni Hugo Obi ti dá ilé-iṣẹ́ Maliyo sílẹ̀ ní ọdún 2012. Lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ni géèmù ọ̀kadà àti ti ẹ̀fọn pípa, ohun tí ojú gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́. Ilé-iṣẹ́ yìí náà ni ó dá ètò GameUp Africa sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní iṣẹ́ náà.

Géèmù, àlọ́ àti ayò

Kí ni ó so èyí pọ̀ mọ́ lítíréṣọ̀? Ẹ jẹ́ kí á wo àlọ́ onítàn. Apàlọ́ kì í dá àlọ́ pa. Bí ó bá ní "Ààlọ́ o!", tí kò sí ẹni tí ó dáhùn pé "Ààlọ̀!", àlọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí orin bá dé, apàlọ́ ni yóò lé e, àwọn ọmọ ni yóò gbè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú orin yẹn gan-an ni ìṣẹ̀lẹ̀ ti ń yí padà: orin ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn, orin ni ó ń tú àṣírí ọ̀dàlẹ̀. Ègbè kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí àwọn ọmọ kò bá gbè é, ilẹ̀kùn kò ní ṣí.

Nínú géèmù, ọwọ́ ni òǹtayò fi ń gbè. Ohun tí olùṣe géèmù gbé kalẹ̀ dúró sójú kan títí ẹni tí ń ta á yóò fi ṣe nǹkan. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé apàlọ́ ni ó ni àhunpọ̀ ìtàn nínú àlọ́, ṣùgbọ́n nínú géèmù, ẹni tí ń ta á lè yà sí ọ̀nà míràn, ó lè kú, kí ó sì tún padà bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe àlàyé àhunpọ̀ ìtàn inú géèmù gbọ́dọ̀ ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀.

Ayò ọlọ́pọ́n náà jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ojú ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ni gbogbo ohun-èlò rẹ̀, ṣùgbọ́n eré kò dùn bí kò bá sí òǹwòran. Ẹni tí ó bá dé yóò kí ọ̀ta, yóò kí ọ̀pẹ. Àwọn tí ó dúró yóò máa ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á máa yin ẹni tí ó ta á re, wọ́n á máa bú ẹni tí ó ṣìnà. Inú ẹnu wọn ni ọ̀pẹ ti ń kọ́ṣẹ́ títí yóò fi di ọ̀ta. Agbo àwọn olùṣe géèmù kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé ìdí igi àgbàlá ti di ojú fóònù.

Ní Ọ̀tà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a tún ní àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù báyìí lọ. Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀tà, ìlú tí a mọ̀ mọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ogún àtẹnudẹ́nu tí ó ṣe iyebíye fún aráyé. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Agbẹ́gilére ni yóò gbẹ́ igi, onílù ni yóò lù, ẹlẹ́fẹ̀ ni yóò kọrin. Bí ẹsẹ̀ oníjó kò bá bá ohùn ìlù mu, gbogbo ìta ni yóò mọ̀. Àwọn tí ń wòran gbọ́ èdè ìlù, nítorí náà ni àṣìṣe kò ṣe lè sá pamọ́. Kókó iṣẹ́ yìí ni èyí: àṣìṣe tí agbo bá mọ̀ nìkan ni agbo lè tún ṣe.

Iṣẹ́ mẹ́ta lójú lámèyítọ́

Ẹ jẹ́ kí á wo géèmù mẹ́ta láti mọ ibi tí èdè dúró sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

(a) Aurion: Legacy of the Kori-Odan. Àwọn Kiro'o Games ní Yaoundé, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ni ó ṣe é. Àwọn ènìyàn dá owó fún wọn láti ọ̀nà jíjìn ní 2015, géèmù náà sì jáde ní 2016. Ìtàn ọmọ ọba ni. Ní ọjọ́ tí Enzo yóò gba adé, tí yóò sì gbé Erine níyàwó, ni àna rẹ̀ dìtẹ̀ gba ìjọba. Tọkọtaya náà wá rìnrìn àjò láti gba ohun tí ó jẹ́ tiwọn padà. Ohun tí ó ga jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé ogún àwọn baba ńlá ni agbára tí akọni fi ń jà. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn àwọn ọdẹ akọni nínú ìwé D. O. Fágúnwà, láti Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti ọdún 1938 wá, yóò rí i pé irú akọni bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn baba ńlá náà fi ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Ogún wà níbẹ̀, ohùn tí ó yẹ kí ó gbé ogún náà kò sí.

(b) Disney Iwájú: Rising Chef. Maliyo ni ó ṣe èyí, ó sì jáde ní oṣù kejì ọdún 2024 pẹ̀lú eré àwòrán Iwájú tí Disney àti ilé-iṣẹ́ Kugali jọ ṣe. Òótọ́ ni pé kì í ṣe iṣẹ́ adáṣe pátápátá, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín àwọn adáṣe ni àwọn tí ó ṣe é ti dìde. Èkó ọjọ́ iwájú ni ibùdó ìtàn rẹ̀, oúnjẹ ilẹ̀ wa ni a sì ń sè níbẹ̀. Ohun kan wà tí ó yẹ kí á yìn: àmì ohùn tí ó yẹ wà lórí orúkọ náà, Iwájú. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn wa kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àléébù irú géèmù yìí kò jìnnà. Eré ìyára ni, ojú àti ọwọ́ ni ó ń gba gbogbo iṣẹ́. Ẹni tí ó ń sáré gbé àwo oúnjẹ kò ní àyè láti gbọ́ òwe. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, èdè lè di àpèjúwe lára ògiri, tí ènìyàn ń rí tí kò sì kà.

(d) Never Alone, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè àwọn tí ó ni ín ń jẹ́ Kisima Ingitchuna. Àwọn Iñupiat, ẹ̀yà kan tí kò pọ̀ ní Alaska ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá àwọn olùṣe géèmù pa ọwọ́ pọ̀ ní 2014 láti ṣe é. Ìtàn ọmọbìnrin kan àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun rẹ̀ ni, tí wọ́n ń wá ibi tí ìjì òjò dídì ti ń wá. Inú ìtàn àtẹnudẹ́nu ni wọ́n ti mú un. Wọ́n lọ bá ọmọ apàlọ́ tí ìtàn náà ti ẹnu rẹ̀ jáde, wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan bí àgbà, apàlọ́ àti ará ìlú 40 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ní gbogbo géèmù náà, ohùn àgbà ni ó ń sọ ìtàn ní èdè Iñupiaq, Gẹ̀ẹ́sì kàn ń tẹ̀ lé e ní ìsàlẹ̀ ojú àwòrán ni. Ẹni tí ń ta á gbọ́dọ̀ fi etí sí èdè tí kò gbọ́ kí ó tó mọ ibi tí ìtàn dé.

Bí a bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra, kì í ṣe owó ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ èdè. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹni tí wọ́n pè sínú agbo. Àwọn Iñupiat kò tó apá kan kékeré nínú iye àwọn tí ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n àgbà wọn wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oko, ọkọ̀ àti àga tí ó ṣófo

Ní báyìí, a ó padà sí Ṣàngó. Mo bẹ òǹkàwé kí ó gbà mí láyè láti sọ ti ara mi.

Àwọn ọmọ kíláàsì wa kì í ṣe ọmọ Àwórì nìkan. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà láti Ṣàngó dé ojú ọ̀nà Ìdírókò ni ó kó àwọn òbí wọn wá: Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ẹ̀gùn, Ìgbò àti Ìgbìrà náà wà. Mẹ́ta nínú wọn ń ṣe géèmù lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Àlọ́ Ìjàpá ni wọ́n mú: ìyàn mú, Ìjàpá kò dáko, òru ni ó fi ń wọ oko olóko lọ jí iṣu wà, títí olóko fi gbé ère alátè kalẹ̀, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀gbẹ́ni fi lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n pe géèmù náà ní Oko Ìjàpá.

Àkọlé yìí jinlẹ̀ ju ọjọ́ orí wọn lọ. Ìjàpá kò ní oko. Oko tí a pè ní tirẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀sùn sì ni pẹ̀lú. Bí ẹni tí ń ta géèmù bá ti ń kó iṣu lóru, àkọlé náà yóò máa bi í léèrè pé oko ta ni èyí.

Wọ́n mú un tọ̀ mí wá kí n bá wọn wo Yorùbá inú rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, pé géèmù kì í ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní "Ẹ ṣé, sà," wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Wọ́n gbé e síwájú agbo wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láìsí àmì kankan, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "Oko Ijapa". Agbo náà ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́. Ẹnì kan sọ pé Ìjàpá ń fò bí òkúta tí a jù, pé kí wọ́n dín ìwúwo rẹ̀ kù. Òmíràn sọ pé ojú òru ṣókùnkùn jù lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀kẹta bá wọn wá ìdí tí géèmù fi ń dá dúró lójijì. Ọmọ Yorùbá kan tí a bí tí a sì tọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù fi ara rẹ̀ jìn láti bá wọn ya àwòrán iwájú géèmù lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí àwòrán dé, Ìjàpá ni ó jókòó sí ìdí ọkọ̀ dáńfó aláwọ̀ ìyeyè, tí ó na ọrùn jáde lójú fèrèsé. Ọkọ̀ ni ó kà á sí.

Àwòrán náà dára. Gbogbo agbo rẹ́rìn-ín, wọ́n yìn ín. Nítorí ẹwà rẹ̀, àwọn ọmọ yí ìtàn padà láti bá a mu. Oko lọ, iṣu lọ, ère alátè lọ. Ìjàpá di awakọ̀ tí ń kó èrò láti abẹ́ bíríìjì Ṣàngó. Ẹni tí ó dá orin sí i, tí kò gbọ́ Yorùbá, gbé ohùn sílẹ̀ níbi tí igbá yẹ kí ó gòkè, igbá tí Ìjàpá gbé lọ́wọ́ sì di ìgbà létí ẹni tí ó bá gbọ́.

Kí ni ìdájọ́ wa lórí ẹ̀dà kejì yìí? Ẹ̀tọ́ ni kí á sọ pé ó dùn ún ta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sì sí òfin tí ó ní kí Ìjàpá má wa ọkọ̀. Àwọn apàlọ́ ti ń fi ohun ayé wọn kún àlọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n yíyí padà tí apàlọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe yàtọ̀ sí èyí tí àìmọ̀ ṣe fún un. Nínú ẹ̀dà kejì, kò sí olè mọ́, kò sí ìtìjú mọ́, ìbéèrè inú àkọlé sì ti parẹ́. Agbo tí ó rí ìwúwo ẹsẹ̀ Ìjàpá kò rí i pé ìtàn ti kú. A kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlù kò lè mọ̀ pé oníjó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Àga ẹni tí ì bá mọ̀ ṣófo. Èmi ni mo kọ̀ láti jókòó sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta náà ni ó padà rí àṣìṣe yìí, èyí tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò. Nítorí pé kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé wọn, kíláàsì ni ó ti kọ́ àmì ohùn, kò sì fojú kékeré wò ó bí àwọn tí a bí sínú èdè náà. Nígbà tí a ń ṣe iṣẹ́ lórí oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ni ó ké sí ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ohun tí wọ́n ṣe fún wa nìyí!" Mo ní kí wọ́n gbé géèmù náà wá. A jókòó tì í ní ọjọ́ Ẹtì mẹ́rin.

Nínú ẹ̀dà kẹta, oko padà, ère alátè padà. Wọn kò ju dáńfó nù: òun ni Ìjàpá fi ń kó iṣu olóko lọ sí ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ̀ ń gbé ẹ̀sùn oko rìn. Wọ́n tún orin náà dá kí ohùn rẹ̀ lè bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, wọ́n sì mú kí ègbè di iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ń ta á: bí kò bá tẹ ojú fóònù lásìkò ègbè, ilẹ̀kùn oko kò ní ṣí. Ibi yìí ni géèmù náà ti di àlọ́ lójú mi.

Ìṣòro àmì

Àwọn kan lè sọ pé àìbìkítà ni ó fà á tí olùṣe géèmù kì í fi àmì sí Yorùbá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan. Ìlànà Unicode tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé kárí ayé fún ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí ààyè kan ṣoṣo fún ẹ́, ẹ̀, ọ́ tàbí ọ̀. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé lẹ́tà kalẹ̀, kí ó tó gbé àmì lé e lórí. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà tí ó wà nínú géèmù kò mọ èyí ṣe: àmì lè fò sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jáde dípò lẹ́tà. Olùṣe géèmù tí ó rí àpótí òfìfo yóò yọ gbogbo àmì kúrò kí iṣẹ́ lè tẹ̀ síwájú.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ó lè wá irú lẹ́tà tí ó gba Yorùbá, kí ó sì dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ti àkọlé bá ṣòro, ó lè fi ọwọ́ yà á bí àwòrán. Ohun tí àwọn ọmọ wa ṣe nìyí: wọ́n ya Oko Ìjàpá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ bí ẹni ya iṣu. Ìlànà àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 kì í ṣe ti ìwé ìdánwò nìkan. Níbi tí kò bá ti sí, ẹlòmíràn ni yóò yan ìtumọ̀ fún wa.

Fún olùdánwò àti olùkọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ohun mẹ́rin ni kí ẹ máa bi ara yín nígbà tí ẹ bá ń ṣe lámèyítọ́ irú iṣẹ́ yìí. Èkíní, ta ni ó ni ìtàn, ìyípadà wo ni ó sì bá a? Èkejì, kí ni ẹni tí ń ta á gbọ́dọ̀ ṣe kí ìtàn tó lọ síwájú, ǹjẹ́ ohun tí ó ń ṣe bá kókó-ọ̀rọ̀ mu? Ẹ̀kẹta, ṣé èdè ń ṣiṣẹ́ nínú géèmù náà ni àbí ọ̀ṣọ́ lásán ni? Ẹ̀kẹrin, ǹjẹ́ ohùn orin bá ohùn ọ̀rọ̀ mu? Ẹni tí ó bá lè dáhùn wọ̀nyí lórí géèmù yóò lè dáhùn wọn lórí àlọ́ tí ó wà nínú ìwé ìdánwò rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò dìgbà tí a bá mọ kóòdù kọ. Àwọn ọmọ kò béèrè kóòdù lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wọ́n mọ bí a ṣe ń mú Ìjàpá rìn, àwa ni a mọ ìdí tí ó fi ń rìn lóru. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ wọn wá ní ọjọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, kí á yọ̀ǹda ọjọ́ Ẹtì kan fún wọn.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé géèmù àwọn adáṣe bá àlọ́ tan, pé agbo tí ń tún un ṣe bá agbo ayò àti ìta Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tan, àti pé agbo kò lè tún àṣìṣe tí kò mọ̀ ṣe. Aurion fún wa ní ogún láìsí ohùn, Iwájú fi àmì sórí orúkọ rẹ̀, àwọn Iñupiat sì fi àgbà sáàárín agbo. Àwọn ọmọ Ṣàngó ti lé orin tiwọn. Ní sáà yìí, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, wọ́n sì ti wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìlù ni kí wọ́n kọ tàbí ilú. Mo ní kí wọ́n fà àga kan wá fún mi.